Ìdí Tí Èèrà Fi Ń Forí Kan Orí Bí Wọ́n Bá Pàdé Lọ́nà

Nígbà láéláé, nígbà tí ọ̀nà ṣì pọ̀ ju ẹsẹ̀ tí ń rìn ín lọ, èèrà kì í kí èèrà lójú ọ̀nà. Bí ẹgbẹ̀rún èèrà bá ń lọ, tí ẹgbẹ̀rún mìíràn sì ń bọ̀, wọn yóò kọjá lára ara wọn bí omi ti í kọjá lára òkúta. Kò sí "ẹ kú ìrìn", kò sí "ilé ńkọ́?"

Kì í ṣe pé wọ́n kórìíra ara wọn. Òfin ni. Àwọn àgbà wọn ló fi lélẹ̀ ní ọdún kan tí òjò ká àwọn kan mọ́ ibi tí wọ́n ti dúró ń tàkúrọ̀sọ, tí àgbàrá sì gbé wọn lọ. Láti ìgbà náà, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ń kọ́ ọmọ èèrà ni pé: "Ẹrù lórí, ojú nílẹ̀, ẹsẹ̀ kì í dúró." Ẹni tó bá gbójú sókè lọ́nà, ọ̀lẹ ni wọ́n ń pè é.

Ní ìdí igi àgbálùmọ̀ kan, opó kan wà tó bí ọmọ méjì. Ọkùnrin ni àkọ́bí. Ojú ọ̀nà ni ìyá rẹ̀ bí i sí, nítorí náà Abíọ́nà ni wọ́n sọ ọ́. Àìná ni orúkọ àbúrò rẹ̀ obìnrin.

Ìyá yìí mọ àádùn ṣe. Yóò yan àgbàdo, yóò lọ̀ ọ́ kúnná, yóò fi epo pupa àti iyọ̀ pò ó, yóò sì dì í sínú ewé. Kò sí obìnrin ìdí àgbálùmọ̀ tí kò mọ àádùn ṣe, ṣùgbọ́n tirẹ̀ yàtọ̀, nítorí pé ojú rẹ̀ kan kò ríran dáadáa. Kì í tètè rí i pé àgbàdo ti yan tó. Ìgbà tí ó bá gbóòórùn ni yóò tó gbé e kúrò lórí iná, èyí tó wà nísàlẹ̀ yóò sì ti jóná díẹ̀. Bí o bá jẹ àádùn rẹ̀, yóò dùn ní iwájú ahọ́n, yóò sì korò díẹ̀ ní ẹ̀yìn.

"Yèyé, ẹ tún ti jó àgbàdo," Abíọ́nà a wí.

"Àgbàdo tí iná kò bá jó díẹ̀, kò tíì mọ̀ pé òun ti kúrò lóko," ìyá rẹ̀ a dáhùn. "Fi ẹnu yẹn jẹun, Àjàgbé, má fi wíjọ́."

Àjàgbé ni oríkì rẹ̀. Kò sí ẹlòmíràn tó ń pè é bẹ́ẹ̀ bí kò ṣe ìyá rẹ̀ àti àbúrò ìyá rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ìyá Kékeré.

Nígbà tí Abíọ́nà dàgbà, ó lọ ṣiṣẹ́ ní oko ìrèké. Ọ̀nà náà jìn. Ìrìn ọjọ́ méjì ni láti ìdí àgbálùmọ̀ dé odò, ìrìn ọjọ́ mẹ́rin sì tún ni láti odò dé oko. Ó ní ìkórè kan péré ni òun yóò ṣe. Ìkórè kan di méjì, méjì di mẹ́rin. Kí ó tó mọ̀, ọdún mẹ́ta ti lọ.

Kò sí ẹni tí ì bá fi ìròyìn ilé tó o létí. Òun nìkan ni ọmọ ìdí àgbálùmọ̀ ní oko náà, àwọn tó sì ń ti ọ̀nà ilé bọ̀ kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà.

Ìrèké ni wọ́n ń jẹ láàárọ̀, ìrèké ni wọ́n ń jẹ lálẹ́. Lákọ̀ọ́kọ́, Abíọ́nà rò pé òun ti bọ́ sínú ayọ̀. Nígbà tó yá, ahọ́n rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí wá nǹkan mìíràn kiri. Bí ó bá ń jẹ ìrèké lọ́wọ́, yóò ṣàdédé dúró, yóò máa retí ìkorò díẹ̀ tí kì í dé. Ó wá yé e pé adùn wà tó mọ orúkọ ẹni, adùn sì wà tí kò mọ̀ ọ́n.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí ọyẹ́ kọ́kọ́ fẹ́, ó di ẹrù rẹ̀. Ègé ìrèké kan ni ẹrù náà, kò ju ohun tí orí kan lè gbé. Sàlàkọ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà oko, wò ó lókè, ó wò ó nílẹ̀.

"Abíọ́nà, ọdún mẹ́ta! Ègé ìrèké kan yìí náà lo fẹ́ gbé délé? Wọn á ní o kàn wá sùn lábẹ́ ìrèké ni."

"Ìyá mi ni mo fẹ́ lọ rí. Kì í ṣe ẹrù ni mo fẹ́ lọ fi hàn án."

"Ṣé ìyá rẹ nìkan ló wà ní gbogbo ìdí igi yẹn ni? Àwọn ará àdúgbò ńkọ́? Ọwọ́ rẹ ni wọn yóò wò kí wọ́n tó wo ojú rẹ. Ẹni tó re àjò tó padà lọ́wọ́ òfo, ajá gan-an kì í gbó o."

Abíọ́nà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Bí ó ti ń rìn lọ, ó rántí igi oyin. Ní ìkọjá odò, oríta kan wà. Apá ọ̀tún lọ sílé tààrà. Apá òsì lọ síbi igi kan tí àwọn oyin ń gbé, èèrà tó bá sì sìn wọ́n fún ọjọ́ méje yóò gba ẹ̀kán oyin kan. Ìyá rẹ̀ kò tọ́ oyin wò rí láyé rẹ̀. Abíọ́nà ń rí i lójú inú bí ó ti ń tọ́ ọ wò, tí ó ń di ojú tó dára pọ̀ mọ́ èyí tí kò dára, tí àwọn ará àdúgbò sì tò yí i ká. Ó ní, "Ọjọ́ mélòó kan ni. Ẹni tó ti dúró de ọmọ fún ọdún mẹ́ta, kò ní kọ̀ láti dúró díẹ̀ sí i."

Ó dé odò ní ọjọ́ kẹrin. Ẹ̀ka igi kan tó wó dábùú omi ni afárá wọn. Ó tẹ́ẹ́rẹ́. Àwọn tó ń lọ àti àwọn tó ń bọ̀ a máa fi ara ha ara wọn níbẹ̀, síbẹ̀ wọn kì í wo ojú ara wọn. Ègé ìrèké náà ṣíji bo Abíọ́nà lójú. Ẹsẹ̀ nìkan ni ó ń rí.

Nígbà tí ó dé àárín afárá, ẹnì kan tó kéré há mọ́ ọn lára. Díẹ̀ ló kù kí ègé ìrèké taari onítọ̀hún sínú omi. Bí ó ti ń kọjá ni òórùn kan gba imú Abíọ́nà. Epo pupa ni. Àgbàdo yíyan ni. Ní abẹ́ méjèèjì, òórùn ohun tó jóná díẹ̀ wà.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà dúró fúnra wọn.

"Ó tì o!" ni ohùn kan kígbe lẹ́yìn rẹ̀. "Ṣé gbòǹgbò ló yọ lẹ́sẹ̀ rẹ ni?"

"Ẹ jọ̀wọ́, ó dà bíi pé mo gbóòórùn..."

"Òórùn kí ni? Òórùn ọ̀lẹ? Tẹsẹ̀, jàre! Ẹrù wà lórí wa!"

Ojú tì í. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ìyá ẹlòmíràn náà lè jó àgbàdo. Ó rìn. Nígbà tí ó fi máa kọjá odò tán, òórùn náà ti lọ. Ó dé oríta, ó wo apá ọ̀tún fún ìgbà díẹ̀, ó sì yà sí apá òsì.

Ìrìn ọjọ́ kan gbé e dé ìdí igi oyin. Iṣẹ́ tí wọ́n fún un ni kí ó máa gbá ìyẹ́ àwọn oyin tó ti kú kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ìgbéraga àwọn oyin kò kéré.

"Ìwọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà yìí, gbá ibẹ̀ yẹn dáadáa!"

"Ẹ̀yin náà, ẹsẹ̀ mélòó lẹ ní?" Abíọ́nà a wí lábẹ́ ẹnu.

Ní ọjọ́ keje, wọ́n kán oyin sínú ewé fún un. Ó dì í, ó gbé e lé orí ègé ìrèké, ó sì mú ọ̀nà ilé pọ̀n.

Ìrìn ọjọ́ méjì ni, ṣùgbọ́n kò mọ̀ ọ́n ní ìrìn. Bí ó ti ń sún mọ́ ilé, ilẹ̀ ń yí àwọ̀ padà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó di pupa, ó di èyí tó mọ̀. Ó rí gbòǹgbò tó tẹ̀ bí apá, níbi tí òun àti Àìná ti máa ń yọ̀ ṣubú. Ó gbóòórùn àgbálùmọ̀ tó já sílẹ̀ tó ti là. Kò ronú ibi tí yóò gbé ẹsẹ̀ sí mọ́, ẹsẹ̀ ló ń gbé e lọ. Ẹ̀rín ń pa á lóun nìkan. Bí ẹnikẹ́ni bá rí i lọ́jọ́ náà, yóò rò pé ó ti gbé oyin náà mu lọ́nà.

"Abíọ́nà dé o! Abíọ́nà ọmọ Yèyé dé o!"

Àwọn ọmọdé tí kò mọ̀ rí so mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Àwọn àgbà jáde wá. Kò sí ẹni tó wo ọwọ́ rẹ̀. Ojú rẹ̀ ni gbogbo wọn ń wò. Ìyá Kékeré sáré jáde láti inú ilé, ó ń kígbe, "Àjàgbé! Àjàgbé mi!" Ó dì mọ́ ọn. Ó dì mọ́ ọn pẹ́ ju bí wọ́n ti ń dì mọ́ àlejò lọ.

"Ìyá Kékeré, Yèyé ńkọ́?"

"Mu omi ná."

Ó mu omi. "Àìná ńkọ́?"

"Àìná rìnrìn àjò. Kò ní pẹ́ dé. Jókòó, kí o jẹun ná."

Bí wọ́n ti ń ṣe é ní ìdí àgbálùmọ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá ti ọ̀nà jíjìn bọ̀, omi ni wọ́n fi ń pàdé rẹ̀. Oúnjẹ ló tẹ̀ lé e. Ọ̀rọ̀ ló máa ń kẹ́yìn, bí ó ti wù kí ọ̀rọ̀ náà kánjú tó.

Àádùn ni wọ́n gbé síwájú rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò lè tú ewé náà dáadáa, ńṣe ló fà á ya. Ó bù ú sẹ́nu. Ó dùn. Àgbàdo rẹ̀ yan dọ́gba, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ẹyọ kan kò jóná nínú rẹ̀. Ó gbé e mì, ó sì ń dúró de ìkorò díẹ̀ lẹ́yìn ahọ́n.

Kò dé.

Ó rọra gbé ewé náà sílẹ̀.

"Ìyá Kékeré, ta ló ṣe àádùn yìí?"

"Èmi ni, ọmọ mi."

"Nígbà wo ni wọ́n lọ?"

Ìyá Kékeré jókòó tì í. "Ó di ọjọ́ mẹ́ta lónìí. Ó pẹ́ díẹ̀ tó ti wà lórí ẹní. Gbogbo ẹsẹ̀ tó bá dún lẹ́nu ọ̀nà, yóò ní, 'Ṣé Àjàgbé ni?' Èmi á ní, 'Rárá, ẹ̀gbọ́n mi, ó ń bọ̀.' Bó ṣe ń béèrè náà ló ṣe sùn."

Abíọ́nà kò sunkún lẹ́sẹ̀ kan náà. Ó ń ka ọjọ́. Ọjọ́ kẹwàá rèé tí òun ti kọjá odò. Ká ní ó yà sí apá ọ̀tún ni, ọjọ́ kejì ni ì bá délé. Ọjọ́ márùn-ún gbáko ni ì bá fi jókòó ti ìyá rẹ̀ lórí ẹní. Ó wo ẹ̀kán oyin tó gbé wá. Nígbà náà ni omi wá já bọ́ lójú rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, ọ̀san ti pọ́n nígbà tí wọ́n rí Àìná lókèèrè. Kò tíì mọ̀ pé ìyá àwọn ti kú. Ìyá Kékeré fẹ́ dìde, Abíọ́nà ní kí ó jókòó. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé omi pàdé àbúrò rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi!" Àìná ju gbogbo ara rẹ̀ lé e. "Ẹ̀yin rèé! Ẹ ti sanra bí àgbálùmọ̀ tó pọ́n! Mo wá yín títí. Mo dé oko ìrèké, wọ́n ní ẹ ti lọ. Sàlàkọ́ kan báyìí ló dá mi lóhùn, ikùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ jáde, ó tó ìgbà díẹ̀ kí òun tó tẹ̀ lé e."

"Mu omi ná."

Ó mu ún, kò sì dákẹ́. "Èmi tí mo rìn ọjọ́ méjìlá, tí mo sinmi ọjọ́ kan péré! Òmùgọ̀ kan gan-an fẹ́ ti mi sódò lórí afárá nígbà tí mò ń lọ. Ègé ìrèké tóbi bí orí ẹṣin lórí rẹ̀, kò tilẹ̀ wojú. Ká ní òfin kò ní kí ẹsẹ̀ má dúró ni, ǹ bá bú u débi tí yóò fi mọ orúkọ bàbá mi."

Abíọ́nà kò lè gbé ojú sókè. "Èmi ni òmùgọ̀ yẹn, Àìná."

Ẹ̀rín kú lẹ́nu Àìná. Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ nígbà tó tún sọ̀rọ̀.

"A fara kan ara wa, ẹ̀gbọ́n mi."

"A fara kan ara wa."

Ó sọ ẹrù kékeré kan kalẹ̀. Ewé ni, ó ti gbẹ, ó ti ya létí. "Yèyé ní kí n gbé e lé yín lọ́wọ́. Wọ́n ní ara àwọn ò yá. Wọ́n ní kí ẹ máa bọ̀, bí ẹ ò tilẹ̀ ní nǹkan kan lọ́wọ́."

Abíọ́nà tú ewé náà. Àádùn náà ti gan. Ó bù ú, ó sì dúró. Adùn dé. Lẹ́yìn náà, ní ẹ̀yìn ahọ́n, ìkorò díẹ̀ dé.

Kò gbé gbogbo rẹ̀ mì. Ó fi orí kan orí àbúrò rẹ̀, ó sì fi ìyókù sí i lẹ́nu, bí ìyá wọn ti ń ṣe fún wọn kí wọ́n tó ní eyín. Bí orí wọn ti kan ara wọn báyìí, ó sọ fún un. Kò pariwo. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni. Wọ́n wà bẹ́ẹ̀ títí, kò sì sí ẹni tó tú wọn ká.

Lẹ́yìn tí wọ́n parí ọ̀fọ̀, Abíọ́nà lọ bá Baálẹ̀.

"Bàbá, mo fẹ́ kí èèrà máa dúró kí èèrà lọ́nà."

Baálẹ̀ mi orí. "Ṣé kí òjò tún gbé wa lọ ni?"

"Bàbá, òjò gbé àwọn kan lọ lọ́dún kan ṣoṣo. Ìdákẹ́ yìí ń gbé wa lọ lójoojúmọ́."

Baálẹ̀ wo ojú ọ̀nà. Òun náà ní ọmọ kan ní oko ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọdún kejì rèé tí kò gbúròó rẹ̀. Ó ní, "Báwo ni ìdúró náà yóò ti gùn tó?"

"Bí ìgbà tí a fi ń ṣẹ́jú. Orí kan orí, ìbéèrè kan, ìdáhùn kan. Bí oúnjẹ ilé bá wà lẹ́nu ẹnì kan, kí ó fún ẹnì kejì tọ́ wò. Kò ní ju bẹ́ẹ̀ lọ."

"Lọ dán an wò lórí afárá," ni Baálẹ̀ wí. "Bí wọ́n bá nà ọ́, má padà wá bá mi."

Abíọ́nà àti Àìná lọ dúró lórí afárá. Ẹni àkọ́kọ́ tí Abíọ́nà forí kàn jẹ́ bàbá arúgbó kan tó ru èso koríko.

"Ẹ kú ìrìn, bàbá. Ilé ńkọ́?"

"Ọmọkùnrin, ṣé orí rẹ pé ṣá?" Bàbá náà fẹ́ yà á kọjá. "Ilé? Ta ni yóò sọ fún mi? Oṣù mẹ́jọ rèé tí mo ti kúrò nídìí ọsàn."

"Ìdí ọsàn?" ni obìnrin kan tó ń bọ̀ ní ìdojúkọ dá a lóhùn. Ẹnu yà á pé òun sọ̀rọ̀ lọ́nà. "Ìdí ọsàn ni mo ti ń bọ̀. Ṣé ẹ̀yin ni bàbá Ṣówándé? Ìyàwó rẹ̀ ti bímọ. Obìnrin ni. Wọ́n ń dúró dè yín kí wọ́n tó sọ ọmọ lórúkọ."

Bàbá náà wo obìnrin yìí. Ó wo ẹrù tí òun fúnra rẹ̀ rù. Ó sọ èso koríko náà sínú odò gbọ̀ọ̀m, ó yí padà, ó sì sáré. Ọ̀nà ilé ló kọrí sí lọ́wọ́ òfo, ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kò sì bá ara wọn mu mọ́. Gbogbo èrò orí afárá bú sẹ́rìn-ín, Àìná sì kígbe tẹ̀ lé e pé, "Bàbá, ẹ rọra o! Ọmọ náà ò tíì rìn!" Abíọ́nà rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ díẹ̀ tó ti rẹ́rìn-ín kẹ́yìn.

Kí oòrùn tó wọ̀, orí ti ń kan orí láti ìkángun afárá kan dé èkejì, àwọn kan sì ti yà kúrò lójú ọ̀nà oko, wọ́n ti mú ọ̀nà ilé wọn.

Láti ọjọ́ náà ni èèrà kì í ti í kọjá lára èèrà láìdúró. Wo ojú ọ̀nà wọn lára ògiri tàbí ní ìdí igi. Bí méjì bá ti pàdé, wọn yóò forí kan orí, wọn yóò fi ìwo tín-ín-rín orí wọn kan ara wọn, ẹnu yóò sì kan ẹnu nígbà mìíràn, kí oúnjẹ lè ti inú ọ̀kan bọ́ sí inú èkejì. Ẹrù lè wúwo lórí wọn. Òjò lè ti ṣú. Wọn yóò dúró bí ìgbà tí a fi ń ṣẹ́jú, wọn yóò béèrè ilé, kí wọ́n tó lọ.